Ẹkún Tí Tóyìn Sun ní Òmù-Àrán

Ọjọ́ tí Ọ̀ṣuntóyìn kó wọ yàrá wa ní họ́sítẹ́lì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ìlọrin, mo rò pé ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa. Ibi tí a ti ń sá nǹkan sóòrùn ló béèrè. Ó ru àpò gbodo kan wá láti Òwu-Ìsin, iṣu gbígbẹ tí wọn ò tíì lọ̀, òjò sì ti pa á lójú ọ̀nà. Kí n tó ti kíláàsì dé, ó ti tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ ìbora mi lẹ́yìn ilé. Mo bá a jà dáadáa. Ó bẹ̀ mí, ó fọ aṣọ náà, ó se ẹ̀wà fún mi, bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Èmi ni Sarah. Gànmọ́ ni tèmi, Gànmọ́ kò sì jìnnà sí Ìlọrin, nítorí náà mo ka ara mi sí ọmọ ìgboro, mo sì pinnu pé èmi ni màá la Tóyìn lójú. Yorùbá ni àwa méjèèjì ń kọ́, ọdún kìíní la wà. Ní sáà yẹn, olùkọ́ wa kan sọ fún wa pé ẹni tó bá ń kọ́ Yorùbá tí kò wo eré orí ìtàgé rí, tí kò sì dé ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà, ìwé lásán ló ń gbé kiri. Ó ní kí á lọ wò, kí á wá ròyìn. Tóyìn kò dé ìkankan rí nínú méjèèjì. Èmi náà kò dé e rí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó mọ̀.

Ibi tí wọ́n pàtẹ àwòrán sí la kọ́kọ́ lọ, ilé kan ní GRA tó tutù ju inú báńkì lọ. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, Tóyìn dúró, ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Àgò onílé o." Gbogbo àwọn tó wà nínú ilé yíjú padà. Bàbá tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ló dá a lóhùn, ó ní, "Àgò yà, ọmọ mi, ẹ wọlé." Mo sún mọ́ ògiri bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Tóyìn wo àwòrán kọ̀ọ̀kan pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

"Sarah, kí ni wọ́n ń fi ṣe?" ó bi mí.

"Wọ́n ń wò ó ni."

"Kò ní iṣẹ́ mìíràn?"

"Kò ní."

Ó rò ó díẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì tún padà lọ wo àwọn tó ti wò tẹ́lẹ̀.

Eré la wò tẹ̀ lé e. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí wọ́n fẹ́ fún ọkọ ní ìlú tó jìnnà. Asisat ni orúkọ ẹni tó ṣe ìyàwó náà, ọmọ Ìlọrin tó ga, tí ohùn rẹ̀ sì mọ́. Nígbà tó kan ibi tí ó ti ń sun ẹkún ìyàwó, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìtàgé, ó ń gba àárín èrò kọjá, ó ń kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó bá wù ú. Àwọn èèyàn ń yọ fóònù, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ìwájú Tóyìn ló wá kúnlẹ̀ sí.

Ní Òwu-Ìsin, bí ìyàwó tó ń sunkún bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ, o kò gbọ́dọ̀ máa wò ó níran. O gbọ́dọ̀ ṣàdúrà fún un, kí o sì fi nǹkan lé e lọ́wọ́. Tóyìn gbé ọwọ́ lé Asisat lórí. "Ilé tí ò ń lọ á gbà ọ́," ó ní. "O ò ní kan àbùkù. Àwọn tó bá ọ níbẹ̀ ò ní rí ọ bí àjèjì. Wàá bí akọ, wàá bí abo, wọ́n á gbẹ̀yìn rẹ." Àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín, àmín náà sì ran gbogbo gbọ̀ngàn. Tóyìn tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó ọkọ̀ tí a máa wọ̀ padà sílé, ó fi lé e lọ́wọ́. Asisat, tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹní mọ Fátíhà, gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ó wo owó, ó wo Tóyìn, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí eré tó lè máa bá a lọ, mo sì wá ibi tí mo máa forí pamọ́ sí, n kò rí.

Nígbà tí eré parí, ọ̀gá wọn wá bá wa. Mùstàfá ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo èèyàn jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ mi lẹ́nu.

"Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe eré yìí, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa fún ìyàwó yẹn," ó sọ fún Tóyìn. "Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣàdúrà fún un. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Ìyá Oyèyẹmí ni mí, ní Òwu-Ìsin," Tóyìn dáhùn, bí ẹni pé kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Oyèyẹmí nínú gbogbo Ìlọrin.

Wọ́n mọ̀ ọ́n ní Òwu-Ìsin lóòótọ́. Oko ló ń ṣe, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe oko ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọge ní ẹkún ìyàwó. Bí ìgbéyàwó ọmọ kan bá kù díẹ̀, wọ́n á mú un wá bá a, ì báà jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ ti mọ́sáláṣí. Á kọ́ ọ bí yóò ṣe kí ìdílé bàbá rẹ̀, bí yóò ṣe kí ẹgbẹ́, bí yóò ṣe tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó bá ti ṣẹ̀. Ibì kan wà tí kì í kọ́ wọn títí di àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, ìyẹn ibi tí ìyàwó ti ń dágbére fún ìyá rẹ̀. Á mú ọmọ náà wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á sọ ọ́ sí i létí. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọbìnrin ń fi ẹnu sọ ọ́. Tó bá ti sọ ọ́, ó ti kúrò nílé ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Láti kékeré ni Tóyìn ti ń jókòó ti àwọn ẹ̀kọ́ yẹn. Ó mọ gbogbo ẹkún náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi ibi ìdágbére. Kò gbọ́ ọ rí, kò sì béèrè.

Mùstàfá gbà á sínú ẹgbẹ́ eléré rẹ̀. Àwọn tó ń gbe orin ló kọ́kọ́ fi í sí láàárín. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń dánra wò, bó bá sì ti dé, oorun mi ti tán nìyẹn. Á sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń rìn kí ẹ̀yìn má baà kọ sí èrò. Á sọ pé bí wọ́n bá tan iná pupa sí èèyàn lára, inú á kàn máa bí i láìnídìí. Á dìde láàárín yàrá, á ṣe bí arúgbó, á ṣe bí ọlọ́pàá, á ṣe bí èmi nígbà tí mo bá ń wá bàtà mi. N kò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sú mi nígbà mìíràn.

"Sarah," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan, "n kò fẹ́ ṣe olùkọ́ mọ́. Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ wà títí ayé mi."

Mo ní kó kọ́kọ́ yege ìdánwò ná.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé Asisat lọ sí Bauchi láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹgbẹ́ náà sì ti gbà láti ṣe eré ìyàwó yẹn ní Òmù-Àrán ní òpin sáà. Mùstàfá wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó ní, "Tóyìn, ìwọ ni ìyàwó." Èmi tí mo lọ wo ìdánrawò wọn lọ́jọ́ náà, mo rò pé á fò sókè. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀.

"Mo ní láti béèrè lọ́wọ́ Yèyé," ó ní.

A jọ lọ sí Òwu-Ìsin. A bá ìyá rẹ̀ níwájú ilé tó ń bó ẹ̀gẹ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ìgbómìnà ni àwọn méjèèjì fi kí ara wọn, ó sì yára ju tiwa ní Gànmọ́ lọ, nítorí tiwa ti dà mọ́ ti Ìlọrin. Nígbà tí ìyá náà rántí pé mo wà níbẹ̀, ó yí ohùn padà kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Tóyìn kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò dá ọ̀bẹ dúró.

"Eré ni, Yèyé," Tóyìn fi parí rẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa pè ọ́ ní ìyàwó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n máa wọ aṣọ ìyàwó fún ọ, kí o dúró lójú èrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

"Ṣé wàá dágbére fún ìyá?"

Tóyìn mú èèpo ẹ̀gẹ́ kan nílẹ̀.

"Èwo ló wá jẹ́ eré níbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló tó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. "Kọ́ọ̀tù ni Oyèyẹmí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀ ní Abuja," ó ní. "Orí fóònù ni mo ti rí i. Ọmọ ta ni n kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí létí nílùú yìí? N kò tíì sọ ọ́ sí ọmọ tèmi létí. Ìwọ lo kù. Mo ń tọ́jú rẹ̀ dè ọ́. Gbogbo ìyókù, mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ, lọ sun ún níbi tó bá wù ọ́. Ibi ìdágbére, fi í sílẹ̀ fún mi."

Kò pariwo, kò sì halẹ̀. Inú bí mi sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kí ló lè gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò sì mọ ẹ̀yìn ta ni kí n wà mọ́. Ó fi ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sínú báàgì fún wa. A wọ ọkọ̀ padà sí Ìlọrin.

Tóyìn bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Ó ń ṣe é dáadáa, àwọn tó ń rán an létí ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìtàgé kò ní iṣẹ́ ṣe. Bó bá ti kan ibi ìdágbére, á dákẹ́, á sọ pé kí wọ́n fo ibẹ̀. Mùstàfá fara dà á fún ìgbà díẹ̀, kò lè fara dà á mọ́.

"Ìyàwó tí kò dágbére," ó ní, "báwo ni eré ṣe fẹ́ parí? Àwọn èèyàn á rò pé iná ló lọ. Gba ọ̀rọ̀ tí Asisat ń sọ, kí o sọ ọ́, tàbí kí o wá tirẹ̀. Bí o kò bá lè sọ ìkankan, sọ fún mi. Mi ò ní bínú sí ọ, màá gbé e fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí n mọ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Ọ̀sẹ̀ náà le fún un. Kò jẹun dáadáa, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá. Bó bá kọ ipa náà, ó dá a lójú pé wọn ò ní fún un ní irú rẹ̀ mọ́. Bó bá gbà á, ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣe é kó má sọ fún ìyá rẹ̀, ta ni yóò ti Òwu-Ìsin wá wo eré? Ó wò mí bí ẹni tó rí nǹkan ẹ̀gbin. Ó gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí.

"Yèyé, mo fẹ́ sun ún. Títí dé òpin. Mo ti rò ó, mi ò lè fi eré yìí sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Mo ń gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń ké lọ́hùn-ún.

"Mo ti gbọ́," ìyá rẹ̀ ní, ó sì pa fóònù.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ló yá wọn ní gbọ̀ngàn ní Òmù-Àrán. Ọ̀sán ni wọ́n ṣe é, wọ́n to àga oníke, èrò sì pọ̀ ju àga lọ. Eré ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó yíjú sẹ́yìn, mo rí Ìyá Oyèyẹmí tó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òfì ló ró. Mo rò ó bóyá kí n sáré lọ sẹ́yìn ìtàgé lọ sọ fún Tóyìn, mo tún rò pé bó bá gbọ́, ọ̀rọ̀ lè pòórá mọ́ ọn lẹ́nu. Mo jókòó síbi tí mo wà. N kò mọ̀ bóyá ìjà ló bá wá.

Tóyìn jáde nínú aṣọ ìyàwó. Ó kí ìdílé, ó kí ẹgbẹ́, ó tọrọ àforíjì, àwọn obìnrin ìlú náà sì ń dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá ìyàwó gidi lóhùn. Nígbà tó kan ìdágbére, ó wá sí iwájú ìtàgé, ó kúnlẹ̀, ó gbójú sókè. Ìgbà yẹn ló rí ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rí i, nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó nà síwájú wálẹ̀. Ó dákẹ́ débi pé Mùstàfá yọ orí láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, kò sì gbójú kúrò níbi tí ìyá rẹ̀ wà:

*Yèyé mi, igbá tí mo fi ń bu omi fún yín, ẹ gbé e kọ́ ògiri.*
*Ẹsẹ̀ tó ń lọ yìí kì í ṣe ẹsẹ̀ odò.*
*Ẹnikẹ́ni kò lé mi, ọkàn mi ló ń fà mí lọ.*
*Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ ò bí ibi tí mo ń lọ.*
*Ẹ jẹ́ kí n máa lọ kí ojú mi tó padà sílé.*

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Asisat. N kò gbọ́ ọ nínú ìdánrawò kankan. Àwọn obìnrin ń nu ojú, ọkùnrin kan tó wà níwájú mi ń fa imú. Èmi náà sunkún, n kò sì tijú. Nígbà tí gbogbo èèyàn dìde pa àtẹ́wọ́, Ìyá Oyèyẹmí dìde, ó jáde. Kò tilẹ̀ da omi lójú.

Mo sáré tọ̀ ọ́ lọ. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta.

"Ẹ kú ìrìn, mà," mo ní.

"Ta ló sọ ọ́ sí i létí?"

"Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ sí i, mà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá a."

Ó mi orí. "Kì í ṣe tèmi. Kò tilẹ̀ jọ tèmi rárá." Ó wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. "Ó dùn," ó ní. "Níbo ni ọ̀gá wọn wà?"

Mo mú un lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mùstàfá ń mu omi, àwọn eléré ń nu àtíkè kúrò lójú. Bí Tóyìn ṣe rí ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ lé e ní èjìká, ṣùgbọ́n Mùstàfá ló kọjú sí.

"Ọmọ mi rèé," ó ní. "Mo kọ́ ọ ní ìwọ̀n tí mo mọ̀. Bó bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá a wí, ẹ má lù ú. Bí ebi bá ń pa á, ẹ má jẹ́ kí ará ìta gbọ́. Ọjọ́ tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ má tì í síta. Ẹ mú un padà wá fún mi bí ẹ ṣe gbà á."

Ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyàwó ń bá àwọn àna sọ nìyẹn, lọ́jọ́ tó bá ń fa ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú àwa tí a wà níbẹ̀. Mùstàfá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú obìnrin náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ju Ìyá Oyèyẹmí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó gbé omi sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, àwọn eléré tó jẹ́ ọkùnrin sì dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e.

"A gbọ́, mà," ó ní láti ilẹ̀. "A ó tọ́jú rẹ̀."

Ìyá Oyèyẹmí dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun ń lọ kí ọkọ̀ Òwu-Ìsin tó tán. Ìgbà yẹn ni Tóyìn dìde, ó nu ojú, ó gbé báàgì rẹ̀.

"Yèyé, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ sùn nílé. Tó bá di ọ̀la, màá padà sí Ìlọrin."

Ìyá rẹ̀ gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù àwọn eléré.

"Ìyàwó wo lo rí tó bá ìyá rẹ̀ padà sílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó?" ó ní. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì gba ọ̀nà gáréèjì lọ.